Wọ́n kọ́nfáàtì fíìmù ìgbéyàwó n'Ìrókò, oríkì ìyá àgbà bá dàwátì!

Ariwo tí ìyá alágàárì kan pa n'Ìrókò láàárọ̀ ọjọ́ kan, àwọn aládùúgbò rò pé olè ló wọlé ni. Ọ̀kan gbé kùmọ̀, òmíì mú àdá dání, wọ́n sáré dé ibi tí wọ́n ti ń yan gàárì. Kí ni wọ́n bá níbẹ̀? Wọ́n bá ìyá lórí àpótí, iná ń jó lábẹ́ agbada, gàárì ti ń jóná lọ, ìyá ò tiẹ̀ wò ó. Ẹ̀rọ kékeré kan tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ ló dì mú, ó ń gbé e sétí, ó ń gbé e kúrò. Ẹ̀rọ ọ̀hún ò bàjẹ́ o. Àwòrán ń lọ nínú rẹ̀, àwọn èèyàn ń jó, wọ́n ń náwó.

"Ẹ bá mi gbọ́ ọ, ṣé ohùn ìyá mi lẹ̀ ń gbọ́ yìí?" Ohun tó ń bi gbogbo ẹni tó bá dé nìyẹn. Wọ́n gbé e sétí lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n wá ń wo ara wọn lójú. Ohun tí wọ́n gbọ́ dà bí ìgbà téèyàn ki orí bọ inú ìkòkò omi tó ń sọ̀rọ̀.

Ìrókò tí ọ̀rọ̀ yìí ti wáyé ni Ìrókò tó wà lójú ọ̀nà àtijọ́ tí wọ́n ń gbà láti Ìbàdàn lọ sí Ọ̀yọ́, níjọba ìbílẹ̀ Akínyẹlé. Ẹni tó bá kúrò ní Mọ́níyà tó forí lé Fìdítì á bá a lọ́nà. Ìlú àgbẹ̀ ni. Nírú ìlú bẹ́ẹ̀, ẹni tó ń yan gàárì kì í ráyè jókòó síwájú tẹlifíṣàn, iná ìjọba ò sì ṣeé gbọ́kàn lé. Ìdí nìyẹn tí ìyá yìí fi ní kí ọmọ òun tó wà n'Ìbàdàn bá òun ra ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń ki mẹ́mórì bọ̀, èyí tó máa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ agbada, tóun á máa wò, tóun á máa gbọ́, tí ọwọ́ òun á sì wà lẹ́nu iṣẹ́.

Kì í ṣe fíìmù àwọn òṣèré ló wà lọ́kàn rẹ̀ o. Fíìmù kan ṣoṣo ló fẹ́, ìyẹn ti ìgbéyàwó àkọ́bí rẹ̀ obìnrin tí wọ́n ṣe lọ́dún 2001. Lọ́jọ́ náà, nígbà tí wọ́n fẹ́ fa ìyàwó lé ọkọ lọ́wọ́, ìyá àgbà, ìyẹn ìyá tó bí ìyá alágàárì yìí, dìde láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pè é. Ó gba máìkì lọ́wọ́ alága, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í ki ọmọ-ọmọ rẹ̀. Ó kì í délé, ó ki bàbá rẹ̀, ó ki bàbá bàbá rẹ̀, títí tó fi dé orí àwọn tí ọ̀pọ̀ nínú ẹbí ò gbọ́ orúkọ wọn rí. Onídùndún tó wà níbẹ̀ ń gbà á lẹ́nu rẹ̀, ó ń fi ìlù sọ ọ́ tẹ̀ lé e. Àwọn tó wà lágbo ní gbogbo ibẹ̀ pa lọ́lọ́.

Ìyá àgbà kú ní 2009. Kò sẹ́nì kan nínú ẹbí náà tó kọ oríkì ọ̀hún sílẹ̀. Ta ló máa rántí kíkọ sílẹ̀ nígbà tí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣì ń rìn ká ilé? Inú fíìmù yẹn nìkan ló wà.

Kásẹ́ẹ̀tì VHS ńlá ni wọ́n kọ́kọ́ gba fíìmù náà sí, bí wọ́n ṣe ń gba ti gbogbo ayé nígbà yẹn. Nígbà tó di 2006 tí ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì ti ń di ohun àtijọ́, wọ́n ní kí ẹnì kan bá wọn kó o sórí VCD. Àwo mẹ́ta ló gbà, wákàtí mẹ́ta lápapọ̀, torí pé VCD kan kì í gbà ju ìṣẹ́jú 74 sí 80 lọ. Ẹ̀dà méjì ni wọ́n ṣe, ọ̀kan fún ìyá alágàárì, ọ̀kan fún àbúrò rẹ̀ obìnrin tó wà nílé ọkọ ní Fìdítì. Kásẹ́ẹ̀tì VHS náà ńkọ́? Ó ti bu nínú àpótí, wọ́n sì ti dà á nù.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe wà nìyẹn tí ìyá fi kó àwo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú báàgì, ó di ọ̀dọ̀ ọmọkùnrin tó ń gbé fíìmù sórí mẹ́mórì fáwọn èèyàn.

Kẹ́nikẹ́ni má tíì bú ọmọkùnrin yìí o. Kì í ṣe gbájúẹ̀. Abẹ́ agbòòrùn lẹ́bàá títì ló máa ń jókòó sí, òun, láptọ́ọ̀pù rẹ̀ àti jẹnẹrétọ̀ kékeré kan. Ohun tí àwọn oníbàárà rẹ̀ máa ń bi í kò ju ẹyọ kan lọ: "Mélòó ló máa gbà?" Ẹni tó bá gbé fíìmù 20 sórí mẹ́mórì 2GB fún wọn ni ọ̀gá, ẹni tó bá gbé 5 ni onírẹ́jẹ. Kò sẹ́ni tó ń béèrè bí ohùn ṣe máa rí. Ohun tó fà á nìyẹn tó fi jẹ́ pé ètò kan ṣoṣo ló wà lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, èyí tó kéré jù lọ, ó sì ti pẹ́ tó ti fọwọ́ kàn án gbẹ̀yìn.

"Màmá, ṣé kí n ṣe é kó kéré?" Bó ṣe bi ìyá nìyẹn.

"Ọmọ mi, ṣe é kó má gbàyè. Mo ṣì fẹ́ kó orin sí i."

Ọ̀rọ̀ tán. Kó tó di ọ̀sán, iṣẹ́ ti parí. Ìyá sanwó, ó súre fún un, ó gba ilé lọ. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, wọ́n tan ẹ̀rọ náà, wọ́n rí ìyàwó, wọ́n rí ọkọ, àwọn ọmọdé ń pariwo, inú gbogbo wọn dùn, kò sẹ́ni tó dákẹ́ kó gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ nínú rẹ̀. Ọmọ ìyá ọkùnrin wá ní nígbà tó ti wà lórí mẹ́mórì, kí ni wọ́n tún fẹ́ fi àwo ṣe? Ló bá kó wọn lọ sóko àgbàdo, ó fi okùn so wọ́n mọ́ igi kí wọ́n máa kọ mànà, kí ẹyẹ má bàa jẹ àgbàdo. Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, ẹyẹ sì ń sá lóòótọ́.

Ó di bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn náà kí ìyá tó ráyè fi ara balẹ̀ wò ó dé ibi tí ìyá àgbà ti dìde. Ariwo tó pa láàárọ̀ ọjọ́ yẹn nìyẹn. Nígbà tó sáré padà dé abẹ́ agbòòrùn, ọmọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Mo ti pa á rẹ́ lórí láptọ́ọ̀pù, ó ti kún ni."

Kí gan-an ló ṣe sí fíìmù náà? Ibẹ̀ ló yẹ kí gbogbo ẹni tó bá fẹ́ gbé fíìmù sórí ẹ̀rọ kékeré tẹ́tí sí.

Àwòrán ojú ẹ̀rọ, bí ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n sin jọ ló ṣe rí, àmì kéékèèké ni wọ́n tò ní ìbú àti ní òró. Ojú ẹ̀rọ ìyá ní àmì 320 ní ìbú, 240 ní òró, ìyẹn 76,800. VCD tó kó wá ní 352 nípa 288, ìyẹn 101,376. Ètò tí ọmọkùnrin náà ń lò, 176 nípa 144 ni, àpapọ̀ rẹ̀ ò ju 25,344 lọ. Ìdá mẹ́rin ohun tó wà lórí àwo, ó kó mẹ́ta dà nù. Ẹ̀rọ wá na ìyókù kó lè kún ojú rẹ̀, ni ojú ìyàwó bá rí bíi pé wọ́n fi ọ̀dà yí i. Irú àwòrán bẹ́ẹ̀, fóònù àtijọ́ tí ojú rẹ̀ ò ju sítáǹbù lọ ni wọ́n ṣe é fún.

Ìyẹn nìkan kọ́. Lórí VCD wa níbí, àwòrán 25 ló máa ń kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ó sọ ọ́ di 15. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń jó fi ń fò bí ẹni tí èèrùn ń jẹ.

Ṣùgbọ́n ohun tó pa ìyá lára jù ni ohùn. Ohùn tí wọ́n ń pè ní AMR ló lò. AMR yìí, fún ìpè fóònù ni wọ́n ṣe é, ọdún 1999 ni àwọn tó ń ṣètò fóònù gbà á wọlé. Ẹnì kan ṣoṣo tó ń sọ̀rọ̀, bíi ká sọ pé ó wà lórí ìpè, ìyẹn ló mọ̀ ọ́n gbé dáadáa. VCD máa ń wọn ohùn nígbà 44,100 ní ìṣẹ́jú àáyá kan; AMR ń wọ̀n ọ́n nígbà 8,000. VCD ń fún ohùn ní kilobit 224. AMR, bó bá ṣe dáa tó, kò ju 12.2 lọ. Ẹ wá gbé ìyá tó ń ki oríkì, onídùndún tó ń lù tẹ̀ lé e, èrò tó ń hó, ẹ kó gbogbo rẹ̀ sínú ohun tí wọ́n ṣe fún ẹnu ẹnì kan. Kí lẹ rò pó máa jáde? Èdè tí ọkọ yàtọ̀ sí ọkọ́, tí ọkọ́ yàtọ̀ sí ọkọ̀, èdè tí ìlù ń sọ bí ẹnu ṣe ń sọ ọ́, kì í ṣe ohun téèyàn ń fún mọ́ra bẹ́ẹ̀ yẹn.

Ohun tó tún wá dunni jù ni pé àyè wà! Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀, kò le. Kí ẹ ro iye kilobit tí àwòrán ń jẹ ní ìṣẹ́jú àáyá kan pọ̀ mọ́ ti ohùn, kí ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po iye ìṣẹ́jú àáyá tó wà nínú fíìmù, kí ẹ pín in sọ́nà 8. Ohun tó bá jáde ni kilobyte tó máa gbà. Wákàtí mẹ́ta jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 10,800. Bí ọmọkùnrin náà ṣe ṣe é, kilobit 100 fún àwòrán, 12.2 fún ohùn, gbogbo fíìmù ò ju bíi megabyte 151 lọ. Ká ní ó fún àwòrán ní 500, kó fún ohùn ní 128, bíi megabyte 848 ni ì bá gbà. Mẹ́mórì ìyá, 2GB ni. Ju ìdajì rẹ̀ lọ ni ì bá ṣì ṣófo. Kí ló wá ń lé e?

Ẹnì kan ní àdúgbò ti ń dámọ̀ràn pé kí wọ́n kọ́nfáàtì èyí tó wà lórí mẹ́mórì padà di ńlá. Ó kàn fẹ́ ṣe dáadáa ni. Fáìlì náà á tóbi lóòótọ́, á gba àyè, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó máa kún un ju ohun tó ti wà níbẹ̀ lọ. Ìyá fúnra rẹ̀ ló dá a lóhùn pé gàárì tóun ti yan, ṣé ó lè bá òun sọ ọ́ padà di ẹ̀gẹ́?

Wọ́n bá mú ọ̀nà oko pọ̀n. Àwo kan ti bọ́ sílẹ̀, wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ fọ́. Àwọn méjì tó kù ṣì so, wọ́n ṣì ń dán, ìyá tiẹ̀ ti ń dúpẹ́. Ìgbà tí wọ́n gbé wọn sókè sójú oòrùn ni wọ́n rí i pé ìmọ́lẹ̀ ń gba inú wọn kọjá. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé abẹ́ síìdì níbi tó mọ́ yẹn ni fíìmù wà. Rárá o. Ohun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ń dán yẹn, òkè ló wà, lábẹ́ àkọlé, kò sì sí ohun púpọ̀ tó bò ó. Òjò ti bọ́ ọ, afẹ́fẹ́ ti gbá a mọ́ igi. Níbi tó bá ti ṣí kúrò, kò sí fíìmù níbẹ̀ mọ́, kódà kí wọ́n gbé e lọ sí Jámánì.

Ló wá ku Fìdítì. Àbúrò ìyá ní àwo kìíní àti ìkẹta tòun, àwọn kan ti yá a, wọn ò dá a padà. Ìkejì ńkọ́? Obìnrin náà dákẹ́, ó ronú, ó wá nawọ́ sí orí kọ́bọ́ọ̀dù. Ẹ̀rọ VCD kan wà níbẹ̀ tí eruku ti bò, iná tó wá lójijì ló jó o láti ọdún mélòó kan sẹ́yìn. Àwo tí wọ́n ń wò nínú rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn kò jáde mọ́, kò sì sẹ́ni tó tún ṣí i. Ni wọ́n bá mú skrudráífà. Nígbà tí wọ́n tú ìdérí rẹ̀, àwo kejì ló wà níbẹ̀, ó mọ́ tóní. Orí àwo kejì yìí náà ni oríkì wà. Ìyá alágàárì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín pálọ̀, kò lè sọ̀rọ̀.

Àbúrò ìyá yìí ní ọmọbìnrin kan tó kọ́ nípa kọ̀ǹpútà ní ilé ẹ̀kọ́ gíga n'Ìbàdàn. Òun ló gba iṣẹ́ náà ṣe. Ohun tó sì wu àwọn tó gbọ́ ni pé kò lọ bú ọmọkùnrin abẹ́ agbòòrùn, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló gbé láptọ́ọ̀pù tirẹ̀ lọ. "Brọ̀dá, ẹ jẹ́ ká jọ ṣe é," ló wí. Àwọn méjèèjì jókòó tì í láti ọ̀sán títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ohun tó kọ́kọ́ ṣe ni pé kò kọ́nfáàtì ohunkóhun. Ó ṣí àwo náà, ó wọ inú fódà tí wọ́n ń pè ní MPEGAV, fáìlì DAT tó wà níbẹ̀ ni fíìmù gan-an, ó dà á kọ bó ṣe wà sórí láptọ́ọ̀pù, ó tún dà á kọ sórí fláàṣì kan tó gbé fún ìyá rẹ̀. "Màmá Ìrókò, èyí ni òrí," ló wí fún ìyá alágàárì, "ohun tá a bá gbé sínú ẹ̀rọ yín, ẹ̀dà lásán ni. Tó bá bàjẹ́ nígbà 20, a óò tún un ṣe nígbà 20."

Lẹ́yìn náà ló ní kí wọ́n mú páálí ẹ̀rọ wá. MP4 ni wọ́n kọ gàdàgbà sára rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ yẹn tàn yín jẹ o. Orúkọ tí àwọn oníṣòwò fi ń ta ẹ̀rọ náà ni, ó sì tún jẹ́ orúkọ irú fáìlì kan. Ẹ̀rọ MP4 wà lọ́jà tí kò lè ṣí fáìlì MP4 rárá. Ìwé pélébé inú páálí tí gbogbo èèyàn máa ń sọ nù, ibẹ̀ ni òótọ́ wà. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹ̀rọ yìí ń gba H.264 Baseline, 320 nípa 240, kò gbọdọ̀ ju àwòrán 30 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, kilobit àwòrán kò sì gbọdọ̀ ju 768 lọ, ohùn AAC. Àwọn tó bá ti lo iPod tí ilé iṣẹ́ Apple gbé jáde lóṣù kẹwàá ọdún 2005 á rántí pé òṣùwọ̀n yẹn ò ṣàjèjì.

Ọ̀fẹ́ ni ohun tí wọ́n fi ń ṣe iṣẹ́ náà. FFmpeg wà, èyí tí Fabrice Bellard, ọmọ ilẹ̀ Faransé, bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2000. HandBrake wà, èyí tí Eric Petit bẹ̀rẹ̀ ní 2003. Kò sídìí tí ẹnikẹ́ni fi ní láti ra èyí tí wọ́n jí kọ, tó kún fún fáírọ́ọ̀sì.

Ọmọbìnrin náà ò gbé odidi fíìmù sí i lẹ́ẹ̀kan náà. Ìṣẹ́jú kan péré ló gé, ibi tí ijó ti gbóná jù lọ. Ọgbọ́n wà nínú ìyẹn. Ibi tí èèyàn jókòó tó ń sọ̀rọ̀, kilobit díẹ̀ tó o. Ijó, aṣọ tó ń fẹ́, owó tó ń fò, ibẹ̀ ni àwòrán ti máa ń fọ́. Ohun tó bá gbé ijó, á gbé ìyókù.

Ti àkọ́kọ́ kùnà. Wọ́n gbé e sínú ẹ̀rọ, ohùn ń jáde, ojú dúdú pátápátá. Ọmọkùnrin náà ní, "Àǹtí, mo sọ fún yín, ẹ̀rọ yìí ò gba èyí tó dáa." Ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín. Ó ti gbàgbé yí ohun kan padà ni, High ló wà lórí kọ̀ǹpútà dípò Baseline. H.264 tó dé ní 2003 yìí kì í gbé gbogbo àwòrán pamọ́ lódindi, ohun tó yí padà láti orí àwòrán kan sí èkejì ló máa ń kọ sílẹ̀. Èyí tí wọ́n ń pè ní High máa ń ní àwòrán tó jẹ́ pé ẹ̀rọ ní láti wo èyí tó ṣáájú, kó tún wo èyí tó ń bọ̀ lẹ́yìn, kó tó mọ bó ṣe máa yà á. Ó ń dín àyè kù, ṣùgbọ́n ọpọlọ ẹ̀rọ kékeré ò gbé e. Baseline, ẹ̀yìn nìkan ló ń wò. Ó yí i sí Baseline, ó tún ìṣẹ́jú kan yẹn ṣe, àwòrán bá jáde kedere. Ọmọkùnrin náà gbọn orí.

Ó fi 25 sílẹ̀ ní 25. Ó sọ 352 nípa 288 di 320 nípa 240, ojú èèyàn ò gùn, kò sì fẹ̀, torí pé irú ojú kan náà ni VCD àti ẹ̀rọ ìyá ní. Fíìmù tuntun kì í rí bẹ́ẹ̀ o. Àwọn òde òní fẹ̀ gbọọrọ. Tí wọ́n bá fi túláàsì kó wọn sójú 320 nípa 240, gbogbo òṣèré á lójú gígùn bíi ti ẹṣin. 320 nípa 180 ló yẹ irú wọn, kí dúdú wà lókè àti nísàlẹ̀, kò sí ohun tó burú nínú dúdú. (Ẹ má sì gbàgbé pé fíìmù ìgbéyàwó yìí, ti ẹbí ni. Fíìmù àwọn òṣèré tí wọ́n ń dà kọ lẹ́bàá títì láìgbàṣẹ, ọ̀ràn mìíì nìyẹn, oúnjẹ ẹlòmíì ni wọ́n ń bù jẹ, òfin tuntun tí ìjọba àpapọ̀ buwọ́ lù ní 2023 ò sì fi ojúure wò ó.)

Nígbà tó kan ohùn, àríyànjiyàn díẹ̀ ṣẹlẹ̀. Ọmọkùnrin náà ní 64 tó, torí ẹ̀rọ náà kékeré, agbọ́hùn rẹ̀ ò ju owó ẹyọ lọ. Ọmọbìnrin náà ní àwòrán ni kí wọ́n dín kù bó bá gba bẹ́ẹ̀, òun ò ní fọwọ́ kan ohùn. Ìyá lè fi ohun ìgbọ́ sétí, èèyàn sì lè gbé e sára ẹ̀rọ ńlá lọ́jọ́ mìíì. 128 ni wọ́n fi sí, àwòrán gba 500. Wọ́n ní kí kọ̀ǹpútà wo fíìmù náà já lẹ́ẹ̀kan kó tó kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì, kó lè mọ ibi tó yẹ kó náwó sí, kó dín in fún ibi tí wọ́n ti ń gbàdúrà, kó fi kún un níbi ijó. Ó gba ìlọ́po méjì àkókò. Iná lọ lẹ́ẹ̀kan, jẹnẹrétọ̀ gbà á. Àwo kejì jẹ́ wákàtí kan gééré, fáìlì tó jáde sì jẹ́ bíi megabyte 283.

Agogo mẹ́jọ alẹ́ ti lù nígbà tí wọ́n gbé ẹ̀rọ náà dé ọ̀dọ̀ ìyá. Kò sẹ́ni tó pariwo lọ́tẹ̀ yìí. Ọmọdé tó fẹ́ sọ̀rọ̀, wọ́n fọwọ́ bò ó lẹ́nu. Ìyá àgbà dìde lójú ẹ̀rọ, ó gba máìkì, ó wúkọ́. Ìkọ́ yẹn gan-an ni ìyá alágàárì fi bú sẹ́kún, kó tó di pé oríkì bẹ̀rẹ̀.

Láti ìgbà náà, ọmọbìnrin náà ti ń wá sí Ìrókò ní ọjọ́ Sátidé. Ìyá á tan ẹ̀rọ, á dá a dúró lórí gbólóhùn kan, ọmọ á kọ ọ́ sínú ìwé àádọ́rin ojú ewé, wọ́n á tún tan án. Wọ́n ti kọ ojú ewé mẹ́rin. Ibì kan ló ń dá wọn dúró. Nígbà tó dé orí bàbá ńlá kan, èrò hó yèè, ohùn ìyá àgbà rì pátá, onídùndún nìkan ló ń lọ. Ìlù náà dún ketekete, gbogbo ìró rẹ̀ pé, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó gbọ́ èdè rẹ̀ nínú ilé. Ìyá ti ní kí ọmọ gé ibẹ̀ yẹn lọ́tọ̀ sórí mẹ́mórì, lọ́jọ́ ọjà tó ń bọ̀ òun á wọ ọkọ̀ lọ sí Ọ̀yọ́, òun á gbé e lọ bá àwọn àyàn.